Ọ̀nà Ọjà, Ọ̀nà Àrùn: Ẹ̀kọ́ Láti Ìlú Minna

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà tí ó wọ ọjà ni àjàkálẹ̀ àrùn lè gbà wọ ìlú. Ìtàn Minna, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, fi èyí hàn kedere.

Ojú irin ni ó sọ Minna di ìlú ńlá. Ní 1911 ni ojú irin tí ó ti Baro wá, ní etí odò Ọya, dé Kano; ní 1912, èyí tí ó ti Èkó wá pàdé rẹ̀ ní Minna. Afárá Jebba parí ní 1916, ọkọ̀ ojú irin sì ń kọjá lórí odò tààrà. Ọjà yá, èrò pọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ òkun gbé àrùn ínfúlúẹ́ńsà dé Èkó. Àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí wá aláìsàn kiri láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Jìnnìjìnnì bo ará ìlú, ọ̀pọ̀ sì sá lọ. Àrùn bá èrò wọ ọkọ̀, ó sì gba ojú irin lọ sí Òkè Ọya. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó bá àjàkálẹ̀ náà lọ ní Nàìjíríà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, àrùn Kòrónà kọ́kọ́ fara hàn ní Èkó. Nígbà tí ó di ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, a ti rí i ní Ìpínlẹ̀ Niger. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀nà mọ́tò ni ó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ ará Suleja ni ó ń jí lọ ṣòwò tàbí ṣiṣẹ́ ní Àbújá, tí wọ́n sì ń padà sílé lálẹ́. Ìjọba àpapọ̀ sé Àbújá, Èkó àti Ògùn mọ́lé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta. Lẹ́yìn náà ni ó fòfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gbé oúnjẹ nìkan ni a yọ̀ǹda fún, pẹ̀lú àwọn ohun kòṣeémáàní mìíràn. Kí ni èrò ṣe? Àwọn kan fara pamọ́ sáàárín màlúù àti àpò ẹrù. Ọjọ́ 1 oṣù keje ni a tó ṣí ọ̀nà padà.

Kì í ṣe agídí lásán. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Obìnrin tí ó ń ta iṣu tàbí òrí, tí owó òní sì ni oúnjẹ alẹ́ òní, kò lè jókòó sílé lọ́sẹ̀ mẹ́ta láìrí ìrànwọ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé sísé ọ̀nà lè dá àrùn dúró díẹ̀, kí ilé ìwòsàn lè gbára dì; kò lè dá a dúró pátápátá. Ìjọba tí yóò sé ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ronú oúnjẹ aláìní. Kí èrò má fún pọ̀ nínú ọkọ̀, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ dáadáa láàárín ìsọ̀. Kí oníṣòwò tí ara rẹ̀ kò yá sinmi sílé, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá a tajà. Èrè ọjọ́ kan kò tó ẹ̀mí ènìyàn.