Ẹ Má Ṣe Se Òkúta Inú Àpótí Ẹja: Májèlé Ń Bẹ Nínú Ooru Rẹ̀

Kò sí ilé Yorùbá tí a kò ti mọ iyùn. Ọrùn ìyàwó àti ọrùn ọba ni a ti ń rí i. Ṣùgbọ́n kí iyùn tó di ìlẹ̀kẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ń gbé inú òkun ni.

Ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ń sin iyùn tí ó wà láàyè nínú ilé wọn. Wọn a ra àpótí gíláàsì, wọn a po iyọ̀ mọ́ omi rẹ̀ kí ó lè dà bí omi òkun, wọn a tan iná sí i, ẹja aláràbarà a sì máa lúwẹ̀ẹ́ láàárín òkúta. Ó dùn ún wò púpọ̀. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun lè ní irú rẹ̀, tàbí kí wọ́n bá a ní ilé ọ̀rẹ́. Nítorí tiwọn ni a ṣe ń kọ èyí.

Bí èpò ti ń hù nínú oko, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń hù nínú àpótí yìí. Ọ̀kan nínú èpò náà ni ìbátan iyùn tí a ń pè ní zoanthid. Ó dà bí bọ́tìnnì tí ó ní irun wẹ́wẹ́ létí. Nígbà mìíràn abẹ́ òkúta ni ó máa ń fara pamọ́ sí wọ ilé, láìjẹ́ pé a sanwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa tàn kálẹ̀ títí yóò fi bo iyùn olówó iyebíye mọ́lẹ̀. Inú a bí onílé, a gbé òkúta jáde, a da omi híhó lé e lórí, tàbí kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Àwọn kan nínú zoanthid, pàápàá èyí tí a ń pè ní Palythoa, ní májèlé líle kan nínú, palytoxin ni orúkọ rẹ̀. Láti ara Palythoa kan ní erékùṣù Hawaii ni àwọn onímọ̀ ti rí i, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1971. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sọ pé àwọn jagunjagun a máa fi í pa ẹnu ọ̀kọ̀ wọn. Iná kì í pa májèlé yìí. Bí a bá sè é, ńṣe ni yóò bá ooru omi gòkè, tí gbogbo ará ilé yóò sì fà á símú.

Báwo ni ó ti ń ṣe ibi? Ẹnu ọ̀nà kéékèèké ń bẹ ní ara wa tí ń ti iyọ̀ síta, tí ó sì ń fa pòtáṣíọ́ọ̀mù wọlé. Palytoxin a di ilẹ̀kùn náà mú ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Nígbà náà ni iṣan ara àti ọkàn kò ní lè ṣiṣẹ́ wọn dáadáa mọ́.

Ní 2018, ní Steventon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a yọ iyùn kúrò nínú àpótí ní ilé kan. Ènìyàn mẹ́wàá ni a gbé lọ sí ọsibítù, àwọn tí ó wá gba ará ilé là sì wà lára wọn. Ní 2014 irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Anchorage ní Alaska.

Àmì rẹ̀ nìyí: ikọ́, èémí tí kò já gaara, ibà àti òtútù, ẹnu kíkorò, ara ríro, ojú pípọ́n. Ó lè tó wákàtí díẹ̀ kí ó tó yọjú, ó sì jọ ọ̀fìnkìn lásán. Nítorí náà, kí gbogbo ará ilé jáde sí ibi tí atẹ́gùn wà, kí a pe 999 ní Ìlú Ọba tàbí 911 ní Amẹ́ríkà. Ẹ dárúkọ palytoxin fún dókítà, nítorí kò lè mọ̀ bí a kò bá sọ fún un. Kò sí oògùn tí ń pa oró náà. Ìtọ́jú ni dókítà yóò fi gba aláìsàn là. Bí ó bá kan ojú, ẹ fi omi tí ó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó lọ sí ọsibítù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mú èpò yìí kúrò, kí ó tẹ̀lé ìmọ̀ràn yìí:

1. Kí àwọn ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kúrò nítòsí, kí a sì ṣí fèrèsé.
2. Kí ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, aṣọ alápá gígùn, àti awò tí ó bo ojú pátápátá.
3. Kí ó má ṣe sè é, kí ó má ṣe ha á, kí ó má sì jẹ́ kí ó gbẹ.
4. Kí ó fi ọ̀rá bo òkúta náà nínú omi níbẹ̀, kí ó di ẹnu ọ̀rá, kí ó tó gbé e jáde.
5. Ní ìta gbangba, kí ó rẹ ẹ́ sínú korobá omi tútù tí a po bílíìṣì ife 1 mọ́ ife 10, ó kéré tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bílíìṣì kò gbọdọ̀ kan àpótí ẹja, a kò sì gbọdọ̀ pò ó mọ́ ọtí kíkan.

Ojú lásán kò lè mọ èyí tí ó ní májèlé. Ẹ ka gbogbo wọn sí olóró. Kí ẹ tó fi òkúta titun sínú àpótí, ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò dáadáa.

Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹja lẹ́wà, iyùn lẹ́wà, ṣùgbọ́n èémí ọmọ yín ṣe iyebíye jù wọ́n lọ.