Àwọn Tí Ń La Ọ̀nà Lórí Omi: Ẹ̀kọ́ Lára Ẹgbẹ́ Apẹja Ìgbà Òtútù

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ọyẹ́ bá dé, tí ètè ń là, tí ọmọdé kò fẹ́ kúrò nídìí iná, a máa ń sọ pé kò sí òtútù tó jù báyìí lọ. Ṣùgbọ́n ibì kan wà láyé tí òtútù ti ń mú débi pé ènìyàn ń wa mọ́tò lórí omi lọ pẹja. Kì í ṣe àlọ́ ni a ń pa.

Ibẹ̀ ni adágún Winnebago, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Gígùn adágún náà sún mọ́ 45 kìlómítà, ìbú rẹ̀ sì tó 16. Síbẹ̀ kò jìn púpọ̀: ibi tí ó jìn jù lọ nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 21 ẹsẹ̀ bàtà. Kànga mìíràn wà lọ́dọ̀ wa tí ó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ apẹja pọ̀ yí i ká. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ẹni tí ń fi ẹja ṣòwò. Ènìyàn tí ó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ni wọ́n, tí wọ́n ń pẹja fún oúnjẹ àti fún ìgbádùn.

A fẹ́ ṣàlàyé ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe nígbà òtútù, nítorí pé iṣẹ́ wọn kan ọ̀rọ̀ tí a máa ń jiyàn lé lórí ní ìpàdé: ta ni kí ó tún ọ̀nà ṣe, ta sì ni kí ó tọ́jú ohun tí gbogbo wa jọ ń jẹ níbẹ̀?

BÍ OMI ṢE Ń DÌ TÍ ẸJA KÌ Í KÚ

Ẹni tí ó bá ti ju yìnyín sínú ife omi rí mọ̀ pé kì í rì. Orí omi ni ó máa ń léfòó sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú adágún. Omi a máa wúwo jù nígbà tí ó bá wà ní ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Èyí tí ó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ a fúyẹ́, a gòkè, a sì dì ní ìwọ̀n 0. Nítorí náà òkè ni adágún ti ń dì, bí ìdérí ìkòkò, omi tí kò dì sì wà nísàlẹ̀ fún ẹja láti máa gbé.

Walleye ni orúkọ ẹja tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ẹran rẹ̀ funfun, ó sì dùn. Ojú rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n: bí a bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, a máa tàn bí ojú ewúrẹ́ lóru, nítorí ohun kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ó ń ríran dáadáa níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀. Ìdí nìyí tí ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ fi jẹ́ àkókò tí apẹja sábà máa ń rí i mú.

Apẹja a fi ẹ̀rọ lu ihò sí yìnyín, a sì sọ okùn ìwọ̀ tí ó ní ìdẹ lẹ́nu sínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a fi igi kékeré tí ó ní àsíá dábùú ihò náà. Bí ẹja bá fa okùn, àsíá a nà sókè, ẹni tí ó ni ín a sáré wá. Òfin Wisconsin kò gba ẹnì kan láyè ju okùn 3 lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ pẹ́ níbẹ̀ a fa ahéré kékeré lọ sórí yìnyín, kí atẹ́gùn má bàa pa á.

Ọ̀NÀ LÓRÍ OMI

Ṣùgbọ́n yìnyín kì í ṣe ilẹ̀. Ìmọ̀ràn tí a ń fún àwọn apẹja ni pé kí ó nípọn tó íǹṣì 4 kí ènìyàn tó fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀, kí ó sì tó nǹkan bí íǹṣì 12, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí mọ́tò tó gùn ún. Síbẹ̀ kò sí yìnyín tí a lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ibi tí omi ti ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ kì í nípọn bí ibòmíràn. Yìnyín tún máa ń sán bí atẹ́gùn bá ń tì í, tàbí bí òtútù bá ń pọ̀ tí ó tún ń dín. Sísán náà lè fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wà lódìkejì kò fi ní rí ọ̀nà padà sílé. Ẹni tí ó bá sì já sínú omi náà kò ní àkókò púpọ̀: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ òtútù á gba agbára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Níbí ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú Oshkosh, létí adágún náà, Otter Street Fishing Club wà nínú àwọn tí ń ṣe é. Bí yìnyín bá ti ń nípọn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a jáde lọ lu ihò káàkiri láti wọn ìnípọn rẹ̀. Wọn a la ọ̀nà, wọn a sì gbá òjò dídì kúrò lójú rẹ̀. Gbígbá yìí ní èrè méjì: ọkọ̀ á lè kọjá, yìnyín á sì túbọ̀ nípọn, nítorí òjò dídì dà bí aṣọ ìbora tí kì í jẹ́ kí òtútù ráyè dé abẹ́ rẹ̀. Wọn a kó igi Kérésìmesì tí àwọn ènìyàn ti jù nù, wọn a rì wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹni tí òkùnkùn tàbí kùrukùru bá ká mọ́ lè mọ ọ̀nà ilé. Níbi tí yìnyín bá ti sán, wọn a gbé afárá lé e. Bí ibẹ̀ bá yí padà, wọn a gbé afárá náà lọ síbòmíràn. Nígbà tí ooru bá sì ń bọ̀, wọn a kó gbogbo rẹ̀ jáde, wọn a pa ọ̀nà dé.

Owó àti agbára àwọn tí ń gba ọ̀nà náà ni a fi ń ṣe é: owó ẹgbẹ́, ọrẹ, àti èrè ìdíje ẹja pípa tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Fẹ́búárì. Ní ọjọ́ ìdíje, wọn a wọn ẹja, wọn a sì fún ẹni tí tirẹ̀ tóbi jù ní ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n bí yìnyín kò bá nípọn, kò sí ìdíje. Ìgbà òtútù ọdún 2023 sí 2024 móoru ju gbogbo èyí tí a ti kọ sílẹ̀ rí ní Wisconsin títí di ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ìdíje orí yìnyín ni a fagi lé ní apá ibẹ̀ lọ́dún náà. Ẹgbẹ́ tí ó gbọ́n a pàdánù owó, kí ó má bàa pàdánù ènìyàn.

IRÚGBÌN ẸJA

Bí yìnyín bá yọ́, ní òpin oṣù Máàṣì sí oṣù Épírì, walleye a fi adágún sílẹ̀, a gòkè odò Wolf àti odò Fox lọ yé ẹyin. Òmíràn nínú wọn ń rìn ju 100 kìlómítà lọ. Inú koríko àbàtà tí àkúnya omi bò ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Abo kan tí ó dàgbà dáadáa lè yé ju 100,000 ẹyin lọ, ṣùgbọ́n kì í dúró tọ́jú wọn. Bí omi bá tètè fà, ẹyin á gbẹ. Bí omi kò bá sì ṣàn kọjá nínú àbàtà náà, ọmọ ẹja kò ní rí ọ̀nà padà sódò, á kú síbẹ̀.

Nítorí náà ni ẹgbẹ́ mìíràn, Walleyes for Tomorrow, ṣe dìde láti tún irú àbàtà bẹ́ẹ̀ ṣe, kí omi lè wọlé kí ó sì jáde. Ní àwọn adágún mìíràn ní Wisconsin, ìgbà òtútù gan-an ni wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: wọn a kó òkúta sórí yìnyín, bí yìnyín bá yọ́, òkúta á rì, á sì di ibi tí walleye lè yé ẹyin sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà ń so àmì mọ́ ẹja lára. Apẹja tí ó bá mú ọ̀kan a fi nọ́ńbà àmì náà ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹja ń rìn dé àti bí a ti ń pa á tó.

LỌ́DỌ̀ TIWA

Omi tiwa kì í dì. Ṣùgbọ́n òjò ń ba ọ̀nà oko wa jẹ́ lọ́dọọdún, afárá igi ń jẹrà, odò tí a wá tẹ̀dó sí ẹ̀bá rẹ̀ sì ní ẹja tí àwọn onílẹ̀ ti ń jẹ kí àwa tó dé. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí omi kún bo koríko etídò, àrọ̀ a máa jáde wá sínú koríko náà láti yé ẹyin, gẹ́gẹ́ bí walleye ti ń ṣe. Ẹni tí ó bá ta àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ síbẹ̀ lákòókò yìí dà bí àgbẹ̀ tí ó se èbù iṣu rẹ̀ jẹ. Èyí tí ó da oògùn sódò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi tí ọmọ rẹ̀ ń mu ni ó bà jẹ́.

Kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó tú ká, a rọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láti ṣe ohun mẹ́ta. Kí ẹ yan àwọn tí yóò yẹ afárá wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ní àṣẹ láti dí i bí kò bá lágbára mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣu wà lóko tí a fẹ́ kó lọ sọ́jà. Kí ẹ lọ bá baálẹ̀ àti àwọn apẹja onílẹ̀, kí ẹ béèrè ibi tí àwọn kì í fọwọ́ kàn nígbà tí ẹja ń yé ẹyin, kí àwa náà sì pa á mọ́. Kí ilé kọ̀ọ̀kan dá owó díẹ̀ fún ọ̀nà, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó san sílẹ̀, kí a sì kà á sétí gbogbo ènìyàn.

Ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà kọjá ni ó ni iṣẹ́ ọ̀nà. Ẹni tí ó bá sì ń jẹ ẹja odò, òun náà ni kí ó dá irúgbìn rẹ̀ sí.