Ìdìbò Abẹ́lé: Ta Ni Ó Ń Ka Ìbò Kí Àwa Tó Dìbò?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí kì í ṣe ti ìkómọ tàbí ti ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ó kan ilé olúkúlùkù wa. Ọ̀rọ̀ ìdìbò abẹ́lé ni, èyí tí ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń yan ẹni tí yóò fà kalẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń ná ọjà Ekiosa mọ̀ pé a kì í fi ẹnu wọn gaàrí. Kóńgò ni a fi ń wọ̀n ọ́n, lójú ẹni tí ó ń tà àti lójú ẹni tí ó ń rà. Bí olùtà bá wọ̀n ọ́n nínú yàrá, tí ó sì gbé àpò dídì jáde, oníbàárà yóò ní kí ó tú u. Irú àpò dídì bẹ́ẹ̀ ni a gbé síwájú ẹgbẹ́ APC ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò du ipò gómìnà.

Ìpínlẹ̀ náà ní ìjọba ìbílẹ̀ 18 àti wọ́ọ̀dù 192. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, a ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò ní wọ́ọ̀dù wọn. Àwọn olùdíje pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́ta ni ó gba ẹnu ènìyàn: Dennis Idahosa, aṣojú Ovia, Anamero Dekeri, aṣojú Etsako, àti Monday Okpebholo, sẹ́nétọ̀ fún Àárín Gbùngbùn Ẹdó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà ní ilé aṣòfin ní Àbújá nígbà náà.

Hope Uzodimma, gómìnà ìpínlẹ̀ Imo, ẹni tí ẹgbẹ́ rán wá láti ṣe alága ètò náà, kéde pé Idahosa ni ó borí pẹ̀lú ìbò 40,483. Òṣìṣẹ́ mìíràn, Stanley Ugboaja, kéde Okpebholo pẹ̀lú ìbò 12,145. Ẹnì kẹta, Ojo Babatunde, kéde Dekeri pẹ̀lú ìbò 25,384. Ìdìbò kan ṣoṣo, olùborí mẹ́ta! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún iye wọ̀nyí wò. Wọn kò sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi wí pé ẹnì kan ṣì í kà. Àwọn tí ó dúró lórí ìlà ní wọ́ọ̀dù wọn kò mọ èyí tí í ṣe tiwọn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wí pé ìdìbò náà kò parí. Wọ́n rán Bassey Otu, gómìnà Cross River, wá láti ṣe èyí tí ó kù. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà wọ́n tún un dì, Okpebholo sì borí pẹ̀lú ìbò 12,433.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé APC nìkan ni. Ní ọjọ́ 22 kan náà ni PDP ṣe tirẹ̀ ní pápá ìṣeré Samuel Ogbemudia. Àwọn aṣojú tí a yàn láti wọ́ọ̀dù ni ó dìbò níbẹ̀, Asue Ighodalo sì ní 577. Philip Shaibu, tí í ṣe igbákejì gómìnà nígbà náà, ṣe ìdìbò tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní ilé rẹ̀, wọ́n sì kéde òun náà pẹ̀lú 301. Ní ọjọ́ kejì, Labour Party yan Olumide Akpata pẹ̀lú ìbò 316. Orúkọ rẹ̀ bá etí wa mu, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹdó ni.

Nígbà tí gbogbo ìlú wá dìbò ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Okpebholo ní 291,667, Ighodalo ní 247,274, Akpata sì ní 22,763. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, èyí tí ó fi ọwọ́ sí ìwọlé Okpebholo ní oṣù keje ọdún 2025. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará: àwọn tí ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù wọ̀nyí kò yan orúkọ tí wọ́n bá lórí ìwé ìbò. Ìbò 12,433, 577 àti 316 ni ó ti gbé àwọn mẹ́ta náà síbẹ̀ ní oṣù méje ṣáájú.

Àwọn kan nínú wa a máa wí pé, "Àlejò ni wá. Kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ onílé?" Òótọ́ ni pé a gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún Ọba Bìní àti àwọn ìjòyè rẹ̀, kí a sì bu ọlá fún Ìyékì, tí í ṣe ìyálọ́jà ní èdè Ẹdó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gba owó ọjà kì í béèrè ìlú tí a ti wá. Bí gọ́tà bá kún, omi kì í ya ìsọ̀ Yorùbá sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín, ìlú wo ni wọ́n tún mọ̀ ju èyí lọ? Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ìpín 222, sì là á yékéyéké pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni ó lè wọ ẹgbẹ́ òṣèlú, láìwo ibi tí ó ti wá, ẹ̀yà rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, kò sì ní sọ ẹni tí ẹ óò yàn fún yín. Ìmọ̀ràn mẹ́ta péré ni a ní. Èkínní, ẹni tí ó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan, kí ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tí ó ń gbé, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí orúkọ náà nínú ìwé wọn. Èkejì, bí ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé bá pé, kí ó má ṣe sáré padà sí ìsọ̀ kí a tó kà á. Kí ó dúró, kí ó gbọ́ iye tí a kà ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ẹ̀kẹta ni ó jẹ wá lógún jù. Ẹ má ṣe torí olùdíje ba ara yín jẹ́. Ní ọdún 2016, Godwin Obaseki díje lábẹ́ APC, Osagie Ize-Iyamu sì díje lábẹ́ PDP. Ní ọdún 2020, APC kò jẹ́ kí Obaseki dé ibi ìdìbò abẹ́lé, bẹ́ẹ̀ ni òun ni gómìnà. Ó kọjá sí PDP, Ize-Iyamu sì ni APC fà kalẹ̀. Àwọn méjèèjì pààrọ̀ ilé, Obaseki sì tún wọlé. Idahosa tí wọ́n kọ́kọ́ kéde ní ọdún 2024 ńkọ́? Òun ni ó bá Okpebholo wọlé gẹ́gẹ́ bí igbákejì gómìnà, a sì búra fún àwọn méjèèjì ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún náà. Bí àwọn tí ó du ipò bá lè jọ jókòó, kí ni ó dé tí aláta àti elépo tí ìsọ̀ wọn kángun sí ara wọn kò ní kí ara wọn mọ́ títí ọdún fi máa yípo?

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ wọ́ọ̀dù tí òun wà, tàbí tí kò lè ka ìwé tí wọ́n fún un, kí ó mú un wá bá akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìpàdé.