Ẹ Má Jẹ́ Kí Ohùn Àwọn Òbí Wa Parẹ́ Sínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó kásẹ́ẹ̀tì fídíò mẹ́fà wá láti Iléṣà. Ó fi ìró Màámi kan tó ti gbó wé wọn nínú àpótí kí wọ́n má baà fọ́. Lára ọ̀kan, Bàbá mi ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ pé: "Ìdúpẹ́, December 1993." Ọdún náà ni wọ́n pé ẹni ọgọ́ta ọdún, tí a sì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá sùn nínú Olúwa ní 1999. Yàtọ̀ sí inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, kò sí ibòmíràn tí ohùn wọn wà mọ́.

Màámi ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Lanham níbí. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àìsàn ìgbàgbé sì ti ń bá wọn fà á. Nígbà míì, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á bi mí pé, "Bàbá yín ò tíì dé ni?" Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ibi tí àìsàn yìí ń lọ, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ. Mo wá sọ fún àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, pé kí á gbé ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà sórí kọ̀ǹpútà, kí Màámi lè rí ọkọ wọn nígbà tí wọ́n ṣì lè dá a mọ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, Sátidé kan péré ló máa gbà wá." Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà wá.

Kásẹ́ẹ̀tì ilé, ẹ̀rọ Amẹ́ríkà

Ẹ̀rọ fídíò tí mo kọ́kọ́ rà, àlòkù ni. A ti kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, àwòrán ń yí bí aṣọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, kò sì ní àwọ̀ kankan. Ọkàn mi já, mo rò pé kásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́. Àṣé èdè ni wọn kò jọ gbọ́. Nígbà yẹn, Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń lo ìlànà tí à ń pè ní PAL: ìlà 625 ló wà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, àwòrán 25 sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Amẹ́ríkà ń lo NTSC nígbà náà: ìlà 525, àwòrán bí 30. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà nìkan kò lè ka kásẹ́ẹ̀tì Iléṣà dáadáa.

Ẹ̀rọ tó ń ka méjèèjì wà, ṣùgbọ́n àlòkù ni gbogbo rẹ̀ báyìí. Ilé iṣẹ́ Funai ti ilẹ̀ Japan, tó gbẹ́yìn nínú ṣíṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró ní oṣù Keje 2016. Bàbá àgbà kan nínú ìjọ wa ló gbé tiwọn jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wọn. Fíìmù Yorùbá ni wọ́n fi ń wò láyé ọjọ́un. Olúwa á bù kún wọn.

Ohun kejì ni ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àwòrán láti inú fídíò wọ inú kọ̀ǹpútà. Kò ju ìka méjì lọ. Wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, USB wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù la rà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó dúró ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Ní ìgbà kejì, ibẹ̀ náà ló dúró. A pààrọ̀ wáyà, a tan kọ̀ǹpútà pa, a tún un tàn, pàbó. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ọmọ mi tó rí ìdí rẹ̀: dísíkì tí a ń kó o sí wà ní ètò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní FAT32, tí kò lè gba fáìlì kan tó bá ti ju 4 GB lọ. Bẹ́ẹ̀, fídíò wákàtí kan ní irú ìlànà tí a ń lò, bí 13 GB ni. A yí ètò dísíkì padà, ó sì kọjá ibẹ̀.

Ìgbà náà ni èyí tó dùn mí jù wáyé. Téèpù tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kì í yí déédéé mọ́. Bí ó bá ti gbọ̀n, ẹ̀rọ kékeré yìí á fo àwòrán kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ohùn kò ní fo. Díẹ̀díẹ̀, nígbà tí yóò fi tó ogójì ìṣẹ́jú, ẹnu Bàbá ti ṣáájú ohùn wọn. Mo ti pe Màámi wá jókòó. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n wá ní, "Ẹnu ẹni yìí ò bá ohùn rẹ̀ mu. Bàbá yín kọ́ nìyẹn." Wọ́n dìde, wọ́n lọ sùn. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ time base corrector. Ó máa ń mú kí àwòrán tó ń gbọ̀n dúró ṣinṣin kí ó tó dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan tó ń ya fídíò ìgbéyàwó ló yá wa ní tirẹ̀. A sì so USB mọ́ ara kọ̀ǹpútà gan-an, a ò fi ẹ̀ka tó ń pín in sáàárín mọ́.

Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún

Mo rò pé a ti bọ́. Ó ku kí ọmọ mi dín ariwo kù, kí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí kọ̀ǹpútà sì sọ ọ́ di fídíò kan ṣoṣo tó ṣeé wò lórí fóònù. Iṣẹ́ ìkẹyìn yìí ni wọ́n ń pè ní render. Kọ̀ǹpútà á tún gbogbo àwòrán ṣírò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 25 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan jẹ́ àwòrán 90,000. Kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún fún kọ̀ǹpútà ilé.

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. A ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí n tó jáde, n ó dé ní àárọ̀, n ó bá a pé ó ti dúró ní 97%. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ní àárọ̀ kẹta, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo wo ojú kọ̀ǹpútà yẹn, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ẹni tó ń dúró níwájú ìjọ wàásù. Ọmọ mi rọra wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe sùúrù lẹ wàásù lé lórí ní Sunday?"

Ó mú mi. Àwọn àgbà ní ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í le koko. A jọ jókòó, a wá ìdí rẹ̀ bí a ṣe ń wádìí àìsàn ní wọ́ọ̀dù: ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ààyè inú kọ̀ǹpútà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń sùn lóru nítorí a kò pa ètò oorun rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì la sì ń gbé e sí, ooru mú un. A wá ààyè, a pa ètò oorun, a gbé e sórí tábìlì, a sì gé fídíò sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ọ̀kan bá kùnà, àwọn yòókù kò ní bá a lọ.

Orúkọ mi ló kàn

Ní Sátidé kan ní ọ̀sẹ̀ keje, gbogbo wa jókòó. Ẹnu Bàbá bá ohùn wọn mu. Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ wò wọ́n, ẹ wo fìlà wọn." Bàbá dúró níwájú pẹpẹ, wọ́n ń súre fún àwa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àkọ́bí. Màámi ń ṣe àmín. Wọ́n dárúkọ ẹnì kejì. Wọ́n dárúkọ ẹnì kẹta. Èmi ni ìkẹrin, èmi ni àbígbẹ̀yìn. Bàbá la ẹnu láti dárúkọ mi, àwòrán sì gbọ̀n, pápá bọ́ọ̀lù ló yọ.

Rashidi Yekini ló wà níbẹ̀, tó ti ọwọ́ bọ nẹ́ẹ̀tì, tó ń sunkún ayọ̀. 21 June 1994, Nàìjíríà àti Bulgaria ní ìlú Dallas, góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé. Ọmọ mi ti rí i nígbà tó ń ṣàtúnṣe, ó rò pé bàbá àgbà ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nígbà yẹn, ẹ rántí pé ike pẹlẹbẹ kékeré kan wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì. Bí a bá ti ṣẹ́ ẹ, ẹ̀rọ kò ní gbà kí a gba nǹkan míì lé e lórí. Bàbá ti ṣẹ́ ẹ. Ẹnì kan sì ti fi sẹ́lótéèpù dí ojú ihò náà. Ó ti pọ́n bí epo, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀. Èmi ni ẹni náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù yẹn ní àkókò ilé, mo fẹ́ gbà á sílẹ̀ láti tún un wò, kò sì sí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti gbàgbé rẹ̀. Èmi gan-an ni mo pa ìre tí Bàbá mi sú fún mi rẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Greenbelt

Inú county wa níbí ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gbọ́n jù mí lọ. Nígbà tí Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ní 20 July 1969, kámẹ́rà tó wà níbẹ̀ ń ya àwòrán 10 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú ìlà 320. Tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé e bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ní àwọn ibùdó tó gba àwòrán náà, wọ́n gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, wọ́n sì fi kámẹ́rà mìíràn yà á. Èyí tí aráyé rí, ẹ̀dà tó ti ṣókùnkùn ni. Èyí tó mọ́ gaara wà lórí téèpù tí wọ́n kó wá sí Goddard Space Flight Center ti NASA ní Greenbelt, tí wọ́n sì tọ́jú fún ìgbà díẹ̀ sí ilé ìkóìwésí ìjọba ní Suitland.

Nígbà tó yá, wọ́n lọ wá a. Ìròyìn tí NASA gbé jáde ní 2009 sọ pé ó dà bí ẹni pé wọ́n ti pa téèpù wọ̀nyẹn rẹ́ kí wọ́n lè tún wọn lò, nítorí téèpù wọ́n wọn nígbà náà. Ẹ̀dà tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tọ́jú ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n sì tún ṣe. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ibi. Wọ́n nílò téèpù ni, bí èmi náà ṣe nílò rẹ̀.

Ṣé kọ̀ǹpútà lè dá a padà?

Ọmọ mi rí ojú mi, ó fẹ́ tù mí nínú. Ó ní ohùn bàbá àgbà tó pọ̀ tó ti wà lọ́wọ́ wa, a lè fi AI kọ́ ohùn náà, kí ó parí àdúrà, kí ó sì dárúkọ mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ọ̀rọ̀ tí a ó fi sí Bàbá lẹ́nu? Èmi ni. Èmi ni n ó máa súre fún ara mi pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti lọ. Màámi kò sì ní mọ̀ pé kì í ṣe òtítọ́. Mo sọ fún un pé rárá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fi Yekini sílẹ̀ níbi tó wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe èyí lóṣù yìí

1. Ẹ wá kásẹ́ẹ̀tì yín jáde, kí ẹ kọ orúkọ àti ọdún sára wọn. Bí ike ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣì wà, ẹ ṣẹ́ ẹ lónìí.
2. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lára téèpù, èéhù lè ni. Ẹ má ti í bọ ẹ̀rọ, ẹ má sì fa á símú. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.
3. Ẹ béèrè bóyá PAL ni tàbí NTSC kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ má sì máa fi kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dán ẹ̀rọ wò léraléra; ẹ fi èyí tí kò ṣe pàtàkì dán an wò.
4. Bí owó kò bá sí, ibi kan wà tí wọ́n ń pè ní Memory Lab ní ilé ìkàwé Martin Luther King Jr. Memorial Library ní Washington, nítòsí ibùdó Metro Gallery Place. Ọ̀fẹ́ ni ẹ lè lo ẹ̀rọ wọn. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ wọn lè ka tiyín.
5. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹbí ní ilé. Ẹ má ju kásẹ́ẹ̀tì gan-an nù.
6. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ẹ̀rọ, kí àwọn àgbà jókòó tì wọ́n láti sọ ẹni tí ó wà nínú àwòrán. Kò sí kọ̀ǹpútà tó mọ ìyẹn.

Nínú ìwé Jóṣúà orí kẹrin, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kó òkúta méjìlá jáde láti inú Jọ́dánì, kí ó lè jẹ́ pé bí àwọn ọmọ bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́la, àwọn baba á ní ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí. Òkúta nìkan kò tó. Ẹni tó lè sọ ìtàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tiwa ṣì wà nínú ilé.

Láti ìgbà náà, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ mi máa ń gbé fóònù sórí ìdúró rẹ̀, a ó sì bá Màámi sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà míì wọn kì í rántí nǹkan kan, a ó kàn kọrin. Ní Sunday kan, mo bi wọ́n pé kí ni Bàbá sọ nígbà tó kàn mí lọ́jọ́ ìdúpẹ́ yẹn. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Mi ò rántí." Wọ́n wá ní kí n kúnlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Wọ́n ṣi orúkọ mi pè, ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n pè. Mo ṣe àmín sí i.

Ẹ̀dà mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Mo sì ti ní kí ọmọ mi ṣẹ́ ike ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì márùn-ún tó kù.