Olùkọ́ Àlejò ní Ilẹ̀ Íńdíà

Láàárín àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, kò ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ ẹni tí ó ń wí pé òun fẹ́ lọ sí òkè òkun fún ìgbà díẹ̀, láti kọ́ àwọn ọmọ aláìní láìgba owó. Ilẹ̀ Íńdíà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń dárúkọ, nítorí pé àwọn tálákà pọ̀ níbẹ̀, àṣà ilẹ̀ náà sì wu ènìyàn í rí. Èrò rere ni èyí. Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀ràn ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ti rí, àti irú iṣẹ́ tí àlejò lè ṣe láàárín wọn kí ó sì jẹ́ èrè fún wọn.

Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ará Íńdíà káwọ́ gbera, tí wọ́n ń retí àlejò. Ní ọdún 1848, ní ìlú Pune, Jyotirao Phule àti Savitribai aya rẹ̀ dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Ní ìgbà náà, ohun èèwọ̀ ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí obìnrin kàwé, tàbí kí àwọn tí a bí sí ìdílé tí a kà sí aláìmọ́, tí a kì í fi ọwọ́ kàn, mọ ìwé. Ìtàn sọ pé bí Savitribai bá ń lọ sí ilé-ìwé, àwọn ènìyàn a máa sọ ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù lù ú, òun a sì máa mú aṣọ mìíràn dání láti pààrọ̀. Síbẹ̀ kò padà lẹ́yìn iṣẹ́ náà.

Láti ìgbà náà wá, ìjọba pẹ̀lú ti ṣe púpọ̀. Òfin ńlá ilẹ̀ náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1950, fi òfin de ìwà pípe ènìyàn ní aláìmọ́ nítorí ìbí rẹ̀. Ní ọdún 2001, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ pàṣẹ pé kí a máa se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Òfin ọdún 2009 sì sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ fún gbogbo ọmọ, láti ọdún 6 títí dé 14, kí a kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ni ó wá kù? Àwọn ọmọ alágbàṣe ṣì wà, tí òbí wọn ń tẹ̀lé iṣẹ́ kiri, ní ibi tí a ti ń sun bíríkì, ní oko ìrèké, àti níbi tí a ti ń kọ́ ilé ńlá. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ìdílé a ká ẹní, ìwé ọmọ a sì dúró níbi tí ó dé. Àwọn ọmọbìnrin wà tí a fi sílẹ̀ nílé láti gbé àbúrò pọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn sì ń lọ sí ilé-ìwé lójoojúmọ́, wọ́n ti dé kíláàsì kẹta tàbí ìkẹrin, ṣùgbọ́n wọn kò lè ka ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Olùkọ́ ń bá ìwé ọdún náà lọ. Àwọn tí ó ti ṣubú lẹ́yìn kò sì rí ẹni tí yóò padà wá mú wọn.

Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Pratham, tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Mumbai ní àárín àwọn ọdún 1990, wá ọ̀nà sí ọ̀ràn yìí. Wọ́n yan àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó mọ ìwé díẹ̀ láti àdúgbò àwọn ọmọ náà gan-an, wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì pè wọ́n ní balsakhi, èyí tí ó túmọ̀ sí ọ̀rẹ́ ọmọdé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a kó ọmọ bí 15 sí 20 tí ó ti ṣubú lẹ́yìn jáde kúrò nínú kíláàsì, a sì máa kọ́ wọn fún nǹkan bí wákàtí méjì lójúmọ́. Abhijit Banerjee, Esther Duflo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wádìí iṣẹ́ yìí ní ìlú Vadodara àti Mumbai láti ọdún 2001 sí 2003. Wọ́n rí i pé ìmọ̀ àwọn ọmọ tí a kó jáde pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù nínú kíláàsì kò fi bẹ́ẹ̀ jèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye wọn ti dínkù.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i, àwa tí iṣẹ́ yìí jẹ́ tiwa. Kí ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní? Ó gbọ́ èdè ọmọ náà. Ó mọ ilé tí ó ti jáde wá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìmọ̀ ọmọ náà dúró sí. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́ lọ́la, yóò tún wá.

Ẹ fi àlejò wé e. Èdè 22 ni a kọ sínú òfin ńlá Íńdíà. Ẹni tí ó bá kọ́ Marathi ní Mumbai kò lè fi bá ọmọ Tamil sọ̀rọ̀ ní Chennai, nítorí èdè àti lẹ́tà wọn yàtọ̀ pátápátá. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ó bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ó kọ́ wọn ní A, B, C, tí ó sì lọ, àlejò mìíràn yóò dé, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti A. Ọmọ lè ti ọwọ́ àlejò mẹ́wàá kọjá kí ó má tíì lè ka gbólóhùn kan. Ọkàn rẹ̀ a sì fà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a sì máa já ní ìgbà mẹ́wàá.

Kò túmọ̀ sí pé kí àlejò má lọ. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí ó lọ gẹ́gẹ́ bí ìránlọ́wọ́ fún olùkọ́ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Ó lè bá a dán àwọn ọmọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ọmọ kọ́kọ́ ka lẹ́tà, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ìpínrọ̀ kúkurú, lẹ́yìn náà ìtàn. Níbi tí ó bá dúró sí, ibẹ̀ ni kí a fi í sí, ohun yòówù kí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́. Ó lè ya àwòrán, kí ó gé páálí fún lẹ́tà, kí ó bá àwọn ọmọ ńlá sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó sì kọ gbogbo ohun tí ó ṣe sínú ìwé fún ẹni tí yóò tẹ̀lé e.

Ní ti àṣà, ọmọ Yorùbá kì yóò ṣe àjèjì pátápátá. Bí a ti ń dọ̀bálẹ̀ tí a sì ń kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tẹ̀ ba láti fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà. Wọn a pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, wọn a sì kí ènìyàn pé namaste. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń fún ènìyàn ní nǹkan. A kì í wọ bàtà wọ ilé ìsìn wọn. Níbi tí a bá ti ń sọ Hindi, àwọn ọmọ a máa pe olùkọ́ obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ní didi, èyí ni ẹ̀gbọ́n obìnrin. Ọ̀pọ̀ Híńdù kì í jẹ ẹran màlúù, ọ̀pọ̀ kì í tilẹ̀ jẹ ẹran rárá. Nítorí náà kí àlejò kọ́kọ́ béèrè kí ó tó se ohun tí ó wù ú.

A sì ní àpẹẹrẹ ẹni tí ó lọ tí ó sì dúró. C. F. Andrews, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Delhi ní ọdún 1904 láti kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì St Stephen's. Lẹ́yìn náà ó bá Rabindranath Tagore ṣiṣẹ́ ní Santiniketan, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ lábẹ́ igi. Ilẹ̀ Íńdíà ni ó kú sí ní ọdún 1940, wọ́n sì ń pè é ní Deenabandhu, ọ̀rẹ́ àwọn tálákà. Àwa náà jẹ irú oore bẹ́ẹ̀: ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ọ̀pọ̀ olùkọ́ láti Íńdíà kọ́ni ní àwọn ilé-ìwé gíga wa, wọ́n sì lo ọdún púpọ̀ láàárín wa.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ béèrè nǹkan mélòó kan. Ta ni olùkọ́ tí èmi yóò ràn lọ́wọ́? Ǹjẹ́ òun ni ó béèrè fún mi? Ta ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi? Ǹjẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Íńdíà fọwọ́ sí i pé ìwé àṣẹ tí mo gbà bá iṣẹ́ náà mu? Kí ó yẹra fún ilé ọmọ òrukàn tí ń gba ẹnikẹ́ni tí ó bá ti san owó, tí kò sì wádìí ìwà rẹ̀ kí ó tó fi ọmọ lé e lọ́wọ́. Bí ìdáhùn bá dára, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè ibẹ̀ láti òní. Bí kò bá sì dára, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin tí kò mọ ìwé kà wà ní abúlé tiwa pẹ̀lú. Èdè wọn ti wà lẹ́nu wa, a sì lè padà lọ bá wọn lọ́la.