Ṣé O Mọ̀? Eyín Olówó, Eyín Tálákà

Ṣé o mọ̀ pé eyín kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu George Washington lọ́jọ́ tó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1789? Ìwé ìnáwó ilé rẹ̀ ṣì wà dòní: ní oṣù Karùn-ún 1784, wọ́n san pọ́n-ùn 6 àti ṣílè 2 fún àwọn aláwọ̀ dúdú kan, tó jọ pé ẹrú oko rẹ̀ ni wọ́n, fún eyín 9. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹrú ń ta eyín ẹnu rẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ta ni yóò bá a ná ọjà yẹn?

Ṣé o mọ̀ pé láwọn apá ibì kan ní Bìrìtéènì láyé ọjọ́un, ọmọbìnrin tó ń relé ọkọ lè lọ yọ gbogbo eyín rẹ̀, àtèyí tó dára àtèyí tó bàjẹ́, kí àwọn òbí rẹ̀ sì fi eyín àtọwọ́dá ta á lọ́rẹ? Wọn ò fẹ́ kí ọkọ máa náwó lórí eyín ìyàwó títí ayé. (Ẹrù ìyàwó nìyẹn o!) Ní 1968, nínú àgbàlagbà 100 ní England àti Wales, 37 ni kò ní eyín tirẹ̀ kankan lẹ́nu mọ́.

Ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú eyín nígbà tí NHS, ètò ìlera ìjọba Bìrìtéènì, bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ní 1951, ìjọba ní kí èèyàn máa san lára owó eyín àtọwọ́dá àti awò ojú. Aneurin Bevan, tó dá NHS sílẹ̀, bínú kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Ní England, ní oṣù Kẹrin 2025, £75.30 ni wọ́n ní kí àgbàlagbà san láti dí ihò eyín, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan, ìbáà jẹ́ mẹ́fà. Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n yí ojú sọ́dọ̀ dókítà: lábẹ́ àdéhùn 2006, iye kan náà ni ìjọba máa ń san fún òun náà, yálà eyín kan ló dí tàbí mẹ́fà. Ta ni yóò fi gbogbo ọ̀sán dí eyín mẹ́fà kó gba owó ẹyọ kan? Tálákà tí kì í tètè rówó lọ sọ́dọ̀ dókítà ni eyín rẹ̀ sì máa ń bàjẹ́ jù. Ó di 2022 kí wọ́n tó fi nǹkan kún owó dókítà fún eyín mẹ́ta sókè. Ní oṣù Kejì 2024, ibi ìtọ́jú eyín kan ní St Pauls, ní Bristol, ṣílẹ̀kùn fún aláìsàn NHS. Ìlà èrò gùn débi pé ọlọ́pàá wá síbẹ̀.

Medicare tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún àwọn arúgbó ní 1965 ńkọ́? Á sanwó iṣẹ́ abẹ ọkàn, àmọ́ kì í sanwó dídí eyín. Stan Brock dá ẹgbẹ́ Remote Area Medical sílẹ̀ ní 1985 láti máa gbé dókítà lọ sínú igbó Amazon. Nígbà tó yá, ní Tennessee àti Virginia gan-an ni àwọn èèyàn ti ń sun inú mọ́tò mọ́jú kí àwọn dókítà ẹgbẹ́ náà lè bá wọn yọ eyín lọ́fẹ̀ẹ́.

Nílé ní Nàìjíríà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa kì í rí dókítà eyín àfi tó bá di pé kí wọ́n yọ ọ́. Ìwọ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà lábẹ́ ètò ìbánigbófò ìlera NHIS, tí wọ́n ń pè ní NHIA báyìí, dídí eyín àti yíyọ eyín tí kò le wà nínú ohun tí ètò náà ń san. Bi HMO rẹ, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ètò náà fún ọ, léèrè kí o tó fọwọ́ bọ àpò.