Ilé sinimá àtijọ́ tí wọ́n ní iwin ń gbé: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó ṣọ́ọ̀bù

Tí ẹ bá dúró sí Òṣòdì láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ ó gbọ́ bí àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣe ń pe èrò sí ọkọ̀ Agége. Orúkọ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu wọn: “Pẹn Sinimá! Pẹn Sinimá!” Bí àlejò bá wọ ọkọ̀ náà, tó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, tó wá ń wá ilé tí wọ́n ti ń wo sinimá, yóò wá a tì. Ibùdókọ̀ ló máa bá níbẹ̀, pẹ̀lú bíríìjì ńlá tí ìjọba Èkó ṣí ní oṣù kejì ọdún 2021. Ilé sinimá tó fún àdúgbò náà lórúkọ ti kógbá sílé tipẹ́tipẹ́, àmọ́ orúkọ ẹ̀ kò kú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pe òkú lójú oorì.

Pẹn Sinimá nìkan kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Roxy ní Apápá, Casino ní Yábàá àti Danjuma ní Agége. Ilé tó ti ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lálẹ́ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá tì í pa, tí koríko hù síwájú ẹ̀, kò ní pẹ́ tí aráyé á fi máa sọ pé iwin ti gbà á. Wọ́n á ní àwọn ń gbọ́ àtẹ́wọ́ lóru, wọ́n á ní ẹnì kan ń rìn lórí páànù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà fún oníṣòwò. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gé sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́wẹ́, tàbí kí wọ́n fi háyà fún ẹni tó fẹ́ kó ọjà pa mọ́. Owó ẹ̀ lè rọjú ju ti ilé tuntun lọ, nítorí orúkọ burúkú tó ti ní. Ká ní ẹ̀yin lẹ ń wá ṣọ́ọ̀bù ní Ìsọlọ̀, tí wọ́n fi irú ẹ̀ lọ̀ yín, ṣé ẹ ó sá ni, àbí ẹ ó sanwó?

Bí sinimá ṣe dé, àti bó ṣe lọ

Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹjọ, ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó, nínú gbọ̀ngàn Glover. Ilé-iṣẹ́ Balboa láti ilẹ̀ Sípéènì ló gbé e wá, Herbert Macaulay sì lọ́wọ́ sí ètò náà. Láti ìgbà náà ni òwò sinimá ti ń gbilẹ̀, tí àwọn ará Lẹ́bánónì àti àwọn ará Íńdíà sì kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà. Kì í ṣe ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń jẹun níbẹ̀. Ẹlẹ́pa, oníguguru, onísúyà àti ẹni tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, gbogbo wọn ló ń pọwó níwájú ilé sinimá títí di òru.

Kí ló wá pa á? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, iwin kọ́. Ní ọdún 1982, Mósè Ọláìyá tí gbogbo wa mọ̀ sí Baba Sàlá gbé fíìmù “Ọ̀run Móoru” jáde. Owó ńlá ló ná sí i, àmọ́ àwọn olè dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á kiri. Ta ló tún fẹ́ rajà ní ilé sinimá nígbà tó lè wo ohun kan náà ní pálọ̀ ẹ̀? Gbèsè tí baba náà kó sí kò kéré. Nígbà tó di ọdún 1986 tí ìjọba gbé ètò SAP dé, náírà já wálẹ̀, ó sì di ogun láti fi dọ́là ra fíìmù ilẹ̀ òkèèrè. Ìbẹ̀rù àwọn adigunjalè náà kò jẹ́ kí èèyàn fẹ́ rìn lóru mọ́.

Ẹni tó jèrè nínú ayé tuntun yìí, oníṣòwò ni. Kenneth Nnebue ń ta kásẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ fídíò tẹ́lẹ̀ ni, ló bá rí i pé kásẹ́ẹ̀tì tí fíìmù bá wà nínú ẹ̀ á tà ju èyí tó ṣófo lọ. Òun ló gbé “Living in Bondage” jáde lọ́dún 1992. Bí ọjà kan ṣe ń kú ni òmíràn ń jí. Àwọn gbọ̀ngàn sinimá wá di ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìkẹ́rùsí àti ọjà, nítorí ilé tó fẹ̀, tí kò ní òpó láàárín, ṣọ̀wọ́n ní Èkó.

Kí ni èèyàn ń gbọ́ lóru?

Bí wọ́n ṣe kọ́ ilé sinimá gan-an ló ń mú kí ara fu èèyàn. Kò ní fèrèsé bíi ti ilé yòókù, nítorí ìmọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọlé. Òrùlé ẹ̀ ga, páànù ni wọ́n sì sábà fi ń bò ó. Oòrùn ọ̀sán á mú páànù náà fẹ̀, òtútù òru á mú un sún kì, á wá máa dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni ń rìn lókè. Ihò kékeré tí iná ẹ̀rọ sinimá ń gbà kọjá wà lára ògiri ẹ̀yìn, atẹ́gùn á sì máa súfèé níbẹ̀. Ẹ fi àdán, òwìwí àti eku kún un, kẹ́ ẹ wá rántí pé ńṣe ni irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ń gba ohùn kékeré, tó ń sọ ọ́ di ńlá.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó burú ju gbogbo èyí lọ. Lọ́dún 1921, dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ William Wilmer kọ̀wé nípa ìdílé kan tí wọ́n ní iwin ń bẹ nínú ilé àwọn. Orí ń fọ́ wọn, ó ń rẹ̀ wọ́n, wọ́n ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀, wọ́n sì ń rí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ilé náà wò, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ló bàjẹ́, tó ń tú èéfín olóró sínú yàrá. Bí wọ́n ṣe tún un ṣe ni iwin lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jẹnẹrétọ̀, ẹ gbọ́ o. Èéfín olóró yẹn kan náà ló ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀ yín. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn. Tẹ́ ẹ bá gbé e sínú gbọ̀ngàn tí kò ní fèrèsé, tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn kò ti fẹ́, òkú lè sùn níbẹ̀, kí aráyé wá máa sọ pé iwin ló pa wọ́n.

Wọ́n ń fi iwin pawó ní Lọ́ńdọ̀nù

Òyìnbó náà ń sọ ọ̀rọ̀ iwin. Ilé tíátà Drury Lane wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ti wà láti ọdún 1663, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1812 ni wọ́n ṣí èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú máa ń fara hàn nínú àwọn àga òkè, àti pé bí wọ́n bá ti rí i, eré náà á tà gan-an. Wọn kò ti ilé náà pa. Àtúnṣe 60 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni wọ́n ṣe sí i kí wọ́n tó tún un ṣí lọ́dún 2021, wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ àlejò tó bá fẹ́ wá rìn yí inú ilé náà ká, kó gbọ́ ìtàn ẹ̀.

Àwa náà kò kúkú kẹ̀yìn. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀, tó wo àárín ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ní ọjà Ọyìngbò, á rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò kanlẹ̀? Síbẹ̀, ṣé àwọn ìyálọ́jà kó ẹrù wọn kúrò ní Ọyìngbò? Wọ́n ń tajà wọn lọ. Ní Ìsọlọ̀ níbí, ẹ wo Aswani. Orúkọ ilé-iṣẹ́ aṣọ ni. Ilé-iṣẹ́ kógbá sílé, orúkọ ẹ̀ di ọjà tí wọ́n ń ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ibi tí iṣẹ́ kan ti kú, àwọn ọlọ́jà ló jí i.

Ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò

Nítorí náà, ẹ má fi ẹnu aráyé nìkan sá fún ilé, ẹ má sì torí owó pọ́ọ́kú kó sí ewu. Àkọ́kọ́, ẹ wá ẹni tó lo ibẹ̀ kẹ́yìn, kẹ́ ẹ bi í léèrè ìdí tó fi lọ. Bó bá ní ọjà kò tà, tàbí òjò ba ẹrù òun jẹ́, ẹ ti mọ iwin tó wà níbẹ̀.

Ìkejì, ẹ dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ tún dé ibẹ̀ nígbà òjò. Ẹ wo ògiri bóyá ó ti sán, ẹ wo irin òrùlé bóyá ó ti dípẹtà, ẹ pe oníná kó yẹ wáyà wò. Bí ẹ bá rí àmì X pupa tí ìjọba kùn sára ilé náà, ẹ yáa padà. LASBCA ni ilé-iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ilé tó fẹ́ wó, ẹ sì lè lọ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ìkẹta, ẹ mọ ẹni tó ni ilé gan-an. Ilé àtijọ́ sábà máa ń di ogún, tí ọmọ mẹ́ta á máa gba owó ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ẹ ní kí lọ́yà lọ yẹ ìwé ẹ̀ wò ní Alausa kí owó tó jáde lápò yín.

Ìkẹrin, òfin ayálégbé Èkó ti ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì kan ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ gba rìsíìtì. Bí ẹ bá máa tún òrùlé tàbí wáyà ṣe, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn pé wọ́n á yọ ọ́ nínú owó ilé, kó tó di pé ẹ tún ilé ṣe tán, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ jáde.

Bí ilé náà bá yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má jẹ́ kí onílé mọ̀ pé ẹ̀rù kò bà yín. Ọ̀rọ̀ iwin yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi ná an lówó. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ tan iná, ẹ lu fèrèsé, ẹ lé àdán, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ síta gbangba. Ibi tí èrò bá ti ń wọ́, tí owó sì ń wọlé, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbàgbé iwin. Ó lè jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín làwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ Òṣòdì á máa pè lọ́la.